Ohun Tó Gbẹ́ Ike Nínú Ààrò Tútù

Òótọ́ lèyí. Kì í ṣe ohun tí ẹnì kan gbọ́ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Èèyàn méjì ló ṣojú wọn. Ọ̀kan kì í mutí, èkejì kì í parọ́, ìyẹn ni kò jẹ́ kó lówó. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó máa rẹ́rìn-ín lọ. Ẹ̀rín kò lè ní kí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ má ṣẹlẹ̀.

Ọ̀sán ló sì ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ti sọ ìyẹn, torí àwọn èèyàn rò pé òru nìkan ni ohun abàmì máa ń rìn.

Ilé iṣẹ́ náà wà lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé kan: yàrá méjì, òrùlé páànù, fèrèsé kan tó ga. Ike ni wọ́n ń gbẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe ike bọ́kẹ́ẹ̀tì o. Ike tó nípọn, tó le, tó mọ́ gaara bí omi inú ife, èyí tí wọ́n ń pè ní ike dígí. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ kan tí ẹ̀yà rẹ̀ bàjẹ́, tí ẹ kò rí i rà níbì kankan, ẹ ó yà á sórí bébà, ẹ ó gbé e wá síbẹ̀, wọn á gbẹ́ ẹ fún yín, ẹyọ kan ṣoṣo péré, yóò sì bọ́ sí àyè rẹ̀ bí eyín ṣe ń bọ́ sínú erìgì.

Àwọn tó ń kọjá lọ a ní, "Ike lásán." Lásán! Kí wọ́n gbẹ́ ọ̀kan ká wò ó. Bí bíìtì, irin tó ń lu ike, bá pẹ́ jù nínú ihò, ike á yọ́, á lẹ̀ mọ́ ọn bí ṣingọ́ọ̀mù. Bí o bá fi ìkánjú tì í, á sán. Igi a máa dárí jini. Irin a máa dárí jini. Ike dígí kì í gbàgbé, ohun tó bá sì ṣe é nínú, gbogbo ayé ló ń rí i.

Ẹni tó ni ibẹ̀ ni Bàbá Onírun. Orí rẹ̀ pá kodoro bí ìdí àwo. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé irun ló fi ń wọn ohun gbogbo. "Ó ku ìdajì irun." "O ti fi irun kan kọjá." Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé irun tó yẹ kó wà lórí ọkọ òun, orí ike ló ná an tán sí.

Obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ni Ìyá Dídán. Bí ihò bá ti ojú bíìtì jáde, funfun ló máa ń rí, bí ojú tí àwọ bò. Ìyá Dídán ni yóò fi bébà kíkúnná ha á, tí yóò fi aṣọ àti ọṣẹ ìdán yí i, wákàtí lẹ́yìn wákàtí, títí o kò fi ní mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ àfi tí o bá fọwọ́ kàn án. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, ó ń wò, ó ń ba àjákù ike jẹ́, ó ń tún un ṣe. Ọdún kejìlá rẹ̀ rèé. Òun ló sì lẹ bébà kan mọ́ ara ààrò fúnra rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà: KÍ IKE KỌ́KỌ́ SÙN.

Òfin iṣẹ́ náà nìyẹn. Bí wọ́n bá gbẹ́ ike tán, ìrora wà nínú rẹ̀ tí ojú kò rí. Ààrò iná mànàmáná ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, nínú ooru jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, fún wákàtí mẹ́ta, kó lè gbàgbé ohun tí bíìtì ṣe fún un. Kó tó sùn, sípíríìtì kò gbọdọ̀ kàn án. Bó bá kàn án, ó parí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ẹnjiníà ilé ìwòsàn sáré wọlé. Búlọ́ọ̀kù ike kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó tóbi tó bíríkì kékeré, tí ihò méje gba inú rẹ̀ kọjá. Ó ti sán wẹ́wẹ́ bí ẹrọ̀fọ̀ tó gbẹ.

"Ta ló ṣe é báyìí?" Bàbá béèrè.

"Wọ́n fi sípíríìtì nù ún, Bàbá. Wọ́n ní kó lè mọ́."

"Àwọn tó ṣe é nílẹ̀ òkèèrè ńkọ́? Wọn ò jẹ́ kó sùn ni?"

"Èmi ò mọ̀, Bàbá."

"Ta lẹni tó nù ún?" Ìyá Dídán bọ́ síwájú. "Ẹ sọ fún mi kí n lọ bá a. Ta ní ń fi sípíríìtì nu ike?"

"Ìyá, ó ti ń sunkún láti ìdájí."

"Kó máa sunkún lọ! Ẹkún rẹ̀ á dì í pọ̀?"

Ìdí wà tó fi gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ amúnimí ni búlọ́ọ̀kù náà wà fún. Inú rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà dé imú ọmọ. Ọmọ tó sì wà lórí ẹ̀rọ náà, ọmọ àbúrò rẹ̀ ni, tí wọ́n bí ní olóṣù méje, tó ṣì jẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, kò wúwo ju ìgò omi kan lọ. Láti ìdájí ni àwọn nọ́ọ̀sì ti ń fi ọwọ́ tẹ àpò rọ́bà láti fún un léèémí. Ọ̀kan á tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi kú, òmíràn á gbà á.

"Dókítà ní ìgbà wo ló gbọ́dọ̀ dé?" Bàbá béèrè.

"Ó ní kó má kọjá ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Ọwọ́ èèyàn kì í ṣe ẹ̀rọ. Wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ jù nígbà kan, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ dín nígbà míràn. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ò lè gbà á pẹ́."

Bàbá ṣí àpótí. Ike tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ ku ẹyọ kan ṣoṣo.

Kí n má purọ́, bí ẹ bá rí Bàbá Onírun lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ ó gbà pé ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ ni. Kò sáré. Ó dè é mọ́lẹ̀, ó fi èékánná gba etí rẹ̀ lọ gba etí rẹ̀ bọ̀, ó tú u, ó tún un dè. Ó tan ẹ̀rọ. Kò wo bíìtì, ó ń gbọ́ ọ ni. Bí ohùn rẹ̀ bá ti fẹ́ wúwo, á fà á jáde, á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, á tún ti í wọlé. Tì í díẹ̀, fà á jáde. Tì í díẹ̀, fà á jáde. Èérún funfun ń ya sílẹ̀. Ihò kìíní. Ìkejì. Títí dé ìkeje. Méjì nínú wọn pàdé nínú ike ní igun, bí ògiri ṣe ń pàdé ògiri, gẹ́gẹ́ bí àwòrán ṣe sọ.

Ó wọ̀n ọ́n. "Èyí tó burú jù níbẹ̀, ó fi ìdámẹ́ta irun kù. Kò burú."

Aago mọ́kànlá. Ó gbé e fún Ìyá Dídán. Ìyá Dídán fi òwú orí igi yí inú ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi tàn. Ààrò ló kù. Fóònù rẹ̀ dún. Ó há a sí àárín etí àti èjìká.

"Ẹ̀gbọ́n mi." Àbúrò rẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ó ti ń dúdú."

"Kí ló ń dúdú?"

"Ètè rẹ̀."

"Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́?"

"Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

"A ti ń parí ẹ̀. Gbọ́ mi. Má ṣe sunkún lójú ọmọ. Ṣé o gbọ́?"

Bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ. Ó rí àmì ọwọ́ ọlọ́ràá kan lára ike náà. Ọwọ́ mú aṣọ. Ọwọ́ nù ún. Òórùn sípíríìtì ti gba imú rẹ̀ kan kó tó mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe.

Tí. Tí-tí. Tí-tí-tí-tí.

Ó ń gbọ́ ọ. Láti inú ihò dé inú ihò, àlàfo tíntìntín ń sáré bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Búlọ́ọ̀kù náà rí bí èyí tí ẹnjiníà gbé wá gẹ́lẹ́.

Bàbá wò ó. Ìbá sì jẹ́ pé ó bú u, ìbá sàn. Ó kàn wọ bàtà rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù.

"Bàbá."

"Mo ń lọ wá ike."

"Kò sí níbì kankan. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Mo mọ̀," ó ní. Ó sì lọ.

Ìyá Dídán dá wà. Ó gbé búlọ́ọ̀kù tó ti fọ́ náà, ó tẹ́ ẹ sínú ààrò, ó ti ilẹ̀kùn. Ó mọ̀ pé ooru kì í wo ike tó ti sán. Ọdún méjìlá ló fi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ní kí ike sùn, ohun kan ṣoṣo tó kù tó lè ṣe bó ṣe yẹ nìyẹn. Ó na ọwọ́ sí bọ́tìnì ààrò. Kó tó tẹ̀ ẹ́, iná lọ.

Fáànù àjà yí, ó yí, ó dúró. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní iwájú dákẹ́. Gbogbo àdúgbò dákẹ́. Oòrùn gba fèrèsé wọlé, ó dúró sójú kan lórí ilẹ̀.

Ó jókòó. Kò sunkún. Inú ń bí i jù fún ìyẹn. Ó ń bínú sí fóònù, ó ń bínú sí sípíríìtì, ó ń bínú sí ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

Nígbà náà ló gbọ́ ọ.

Ṣììììì. Ó dákẹ́. Ṣììììì. Ó dákẹ́.

Ó mọ ohùn náà bó ṣe mọ ohùn ìyá rẹ̀. Bíìtì nínú ike. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tutù. Kò mì. Ó tẹ etí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Inú ààrò ni.

Ó súnmọ́ ọn. Ààrò náà tutù pẹ̀lú. Òórùn dé, òórùn dídùn tó ń tani nímú, tí ike dígí máa ń ní bí wọ́n bá ń gbẹ́ ẹ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, lábẹ́ ilẹ̀kùn ààrò, nǹkan funfun kan yọ orí. Ó ń gùn. Ó ń ká ara rẹ̀ kò bí ọ̀já. Ó bọ́ sílẹ̀, kò já.

Ìyá Dídán mú un. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ẹ̀rù bà á. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ojú ń tì í láti sọ: ó ń wo èérún náà, ó sì ń yìn ín. Èérún Bàbá máa ń já ní ìka méjì, ìka mẹ́ta, òun sì ni ọ̀gá. Èyí gùn ju èèyàn lọ, kò sì níbi tó ti nípọn jura lọ. Ọwọ́ wo lèyí? Ta ló lè fi bíìtì rìn báyìí?

Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn ààrò mú. Kò ṣí i.

Àwọn tó gbọ́ ìtàn yìí máa ń bi í, kí ló dé tí kò ṣí i? Àwọn tí kò ṣiṣẹ́ ọwọ́ rí ni. Bí bíìtì bá wà nínú ihò, a kì í fọwọ́ kan ẹni tó dì í mú. A kì í pè é. A kì í kí i. Ẹni yòówù kó jẹ́.

Ó yọ ọwọ́. Ó padà sórí àga. Ó sì ń kà á lọ́kàn: tì í díẹ̀, fà á jáde. Ihò kìíní parí. Ìkejì. Ìkẹta. Níbi ìkẹrin, ohùn náà yí padà. Ó rọ̀, ó gùn, ó ń lọ, kò dúró, bí ẹni tó ń yí kọ̀rọ̀.

Bàbá wọlé ní ọwọ́ òfo. Kó tó sọ̀rọ̀, ó gbọ́ ọ.

"Iná ti dé?"

"Kò tíì dé."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"N ò mọ̀."

"O ti ṣí i?"

"Bàbá, bíìtì wà nínú ihò."

Ó mi orí. Ó yé e. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì dúró tì í bí ọmọ iṣẹ́ tó dúró ti ọ̀gá. Àwọn méjèèjì gbọ́ ìkarùn-ún. Ìkẹfà. Ìkeje. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan mọ́. Ìdákẹ́ náà pọ̀ débi pé wọ́n ń gbọ́ páànù tó ń ta pọ́ nínú oòrùn.

Bàbá ló ṣí i.

Búlọ́ọ̀kù tó fọ́ náà wà níbi tí Ìyá Dídán tẹ́ ẹ sí. Òmíràn wà lórí rẹ̀. Ó mọ́ débi pé èyí tó fọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ rí, gbogbo sísán rẹ̀, láti inú èyí tí kò ní àbùkù kan.

Wọ́n gbé e lọ sójú fèrèsé. Bàbá mú irin ìwọ̀n. Ó wọn ihò kan. Ó nu irin náà, ó tún un wọ̀n. Ó wọn méjèèje.

"Irun mélòó ló kù?" Ìyá Dídán béèrè.

"Kò kù."

"Kò kù báwo?"

"Mo ní kò kù! Ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́ta. Nǹkan a máa kù. Bó ti wù kó kéré tó, nǹkan a máa kù. Èyí, kò ku nǹkan kan."

Lẹ́yìn náà ó rí ibi tí ihò méjì ti pàdé. Àwòrán ní igun. Igun kò sí níbẹ̀. Ihò náà yí kọ́rọ́, rẹ́múrẹ́mú, bí ìgbà tí apá bá ká níbi ìgbúnwọ́, ó sì dán láti inú. Ó yí búlọ́ọ̀kù náà síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ń wá ojú ibi tí wọ́n ti lẹ ike méjì pọ̀. Kò sí. Odidi ni.

Ó jókòó sílẹ̀, lórí èérún.

"Bíìtì kì í tẹ̀," ó ní, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Irin ni. Tààrà ló ń lọ. Kò sí ohun tó lè wọ inú odidi ike kó lọ yí kọ̀rọ̀."

"Ó dára ju ti àwòrán lọ àbí kò dára jù ú lọ?"

"Ó dára jù ú lọ. Afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ bí ẹni ń lọ lórí òróró." Ó gbé ojú sókè. "Ìyá Dídán, n ò lè fi í ránṣẹ́."

"Ẹ ní kí ni?"

"N ò mọ ẹni tó ṣe é. N ò lè fi ohun tí n ò mọ ẹni tó ṣe é símú ọmọ jòjòló."

"Èyí tí ẹ mọ ẹni tó ṣe é ńkọ́? Òun nìyí." Ó na ọwọ́ sí èyí tó fọ́. "Ẹ̀yin lẹ ṣe é, èmi ni mo bà á jẹ́, a mọ ara wa dáadáa. Ṣé kí n gbé ìyẹn lọ? Àbí kí n pe àbúrò mi kí n ní ike wà nílẹ̀ o, ó pé o, a kàn ń dúró kí ọ̀gá tó gbẹ́ ẹ wá kí wa ni?"

"Bó bá ṣe ọmọ náà ní nǹkan ńkọ́?"

"Ètè rẹ̀ ti dúdú, Bàbá."

Bàbá gbé búlọ́ọ̀kù náà sílẹ̀.

Ìyá Dídán mú búlọ́ọ̀kù náà, ó fi ẹnu sí ihò tó yí kọ́rọ́ náà, ó mí sínú rẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá èérún wà nínú rẹ̀, ohun tó sọ nìyẹn. Èémí náà kò dúró níbì kankan. Ó lọ, ó lọ tán, ó tún fẹ́ mú èyí tó kù lẹ́yìn rẹ̀ lọ, bí ìgbà tí ẹnì kan bá wà lódìkejì tó ń gbà á. Ó já ẹnu rẹ̀ kúrò. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè.

"Báwo ló ṣe rí?" Bàbá béèrè.

"Ó dára," ó ní. "Ẹ wá aṣọ tó mọ́ ká fi dì í."

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni ẹnjiníà fi í sínú ẹ̀rọ nílé ìwòsàn. Ó wọlé láìlo òòlù, láìlo òróró. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Àyà ọmọ náà, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, gbéra. Ó sọ̀. Ó gbéra. Nọ́ọ̀sì tó ń tẹ rọ́bà jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo ìka rẹ̀ tí kò lè ká mọ́. Ìyá Dídán ń wo ètè ọmọ. Kò wo nǹkan mìíràn títí ó fi pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò rẹ̀ ní, ó dì mọ́ ọn lọ́rùn. "Ọwọ́ yín yìí! Ọlọ́run á dá ọwọ́ yín sí."

Ìyá Dídán fi ọwọ́ náà pa mọ́ sínú aṣọ rẹ̀.

Àwọn tó kàwé wá wò ó lẹ́yìn náà, ọkùnrin méjì pẹ̀lú obìnrin kan. Wọ́n gbà pé iṣẹ́ náà ga. Wọ́n ní ó dájú pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni. Wọ́n wá ojú ìlẹ̀ náà títí, wọn kò rí i, wọ́n ní ẹni tó lẹ̀ ẹ́ mọ̀ ọ́n lẹ̀. Wọ́n bi Bàbá ní ìbéèrè mẹ́wàá. Wọn kò bi Ìyá Dídán ní ẹyọ kan, aṣọ ìnulẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò burú. Bàbá kò tíì tún tan ààrò náà. Òmíràn ló ń lò. Bó bá sì fẹ́ mú nǹkan nínú ti àtijọ́, á kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin tí kì í kan ilẹ̀kùn ilé àna rẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, ọmọ náà ń dá mí. Wọ́n yọ ọ̀pá kúrò nímú rẹ̀, wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Àbúrò ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà, ọmọ náà sì ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ!"

"Mò ń bọ̀."

Ó fẹ́ wo búlọ́ọ̀kù náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹ̀rọ. Wọ́n ti yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, wọ́n ti ká a sórí rẹ̀. Kò sí ohùn kankan nínú rẹ̀. Ike náà mọ́ bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́nu ihò rẹ̀, ìkùukùu kékeré kan yọ, bí ìgbà tí èèyàn bá mí sára dígí. Ó pòórá. Ó tún yọ. Ó pòórá.

Ìyá Dídán mú aṣọ, ó nù ún. Ó dúró.

Ó tún yọ.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà díẹ̀," nọ́ọ̀sì kan ní lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń ti bẹ́ẹ̀dì kékeré kan bọ̀ kíákíá. Nọ́ọ̀sì kejì ń tẹ rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, obìnrin kan tí Ìyá Dídán kò mọ̀ sì ń tẹ̀lé wọn láìwọ bàtà, ó di ẹnu rẹ̀ mú. "Ẹ̀rọ yẹn ló ṣófo. Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe é?"

Ìyá Dídán wo ọmọ tí wọ́n gbé dé. Ó wo ètè rẹ̀.

"Kò sí nǹkan tó ṣe é," ó ní. Ó sì yà fún wọn.